Ẹ̀KỌ́ KẸRÌNLÁ: IRUN DÍDÌ ÀTI Ọ̀ṢỌ́ ORÍ

Ní Onígbólò, lẹ́bàá Pọ́bẹ̀, ní irọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, Ìyá àgbà jókòó sórí àpótí. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ jókòó sórí ẹní níwájú rẹ̀. Ìyá àgbà mú òòyà, ó fi ya irun ọmọ náà.

“Ìyá àgbà, irú èwo lẹ fẹ́ dì fún mi?”

“Ṣùkú ni. Láyé àtijọ́, àwọn olorì ló máa ń dì í.”

Irun dídì pọ̀ lóríṣiríṣi. Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ jọ sí àárín orí, ṣùkú ni. Bí ó bá ti iwájú lọ sí ìpàkọ́, kọ̀lẹ́sẹ̀ ni. Bí ó bá ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wá pàdé láàárín, pátẹ́wọ́ ni. Bí a bá fi òwú dúdú wé e, irun kíkó ni.

Ọ̀ṣọ́ irun náà pọ̀. Àwọn obìnrin a máa fi ìlẹ̀kẹ̀ sí irun wọn. Owó ẹyọ ni a ń so mọ́ irun Dàda. Elégùn Ṣàngó a máa di irun bí obìnrin, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọkùnrin.

Ní ilẹ̀ Húngárì, ní nǹkan bí 1000 ọdún sẹ́yìn, àwọn obìnrin so àwo kékeré onífàdákà tàbí onídẹ mọ́ irun dídì wọn. Àwọn onímọ̀ wú u nínú ibojì. Fàdákà a máa pẹ́ nínú ilẹ̀, ṣùgbọ́n irun kì í pẹ́. Nítorí náà ni J. D. 'Okhai Ojeikere ṣe wúlò: ní 1968 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò irun àwọn obìnrin Nàìjíríà nígbà ayé rẹ̀.

Ìyá àgbà dáwọ́ dúró. Ó ní: “Ìka ń ro mí. Bí mi ò bá kọ́ ọ, ta ni yóò di ṣùkú nílé yìí?” Ó na òòyà sí ọmọ náà.

Ẹ̀rù ba ọmọ náà. Ó ti gbọ́ pé, nínú àrokò, ẹni tí a bá fi òòyà ránṣẹ́ sí, a ní kí á yà nìyẹn.

“Ìyá àgbà, ṣé ẹ fẹ́ ká yà ni?”

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín. “Rárá o, ọmọ mi. Irun ni mo ní kí o yà. Pe àbúrò rẹ wá jókòó.”

Ọ̀RỌ̀ TUNTUN
òòyà: ohun tí a fi ń ya irun
ìpàkọ́: ẹ̀yìn orí
àrokò: ohun tí a fi ránṣẹ́ dípò ọ̀rọ̀ ẹnu

ÌBÉÈRÈ
1. Kí ni a ń so mọ́ irun Dàda?
2. Kí ló dé tí ẹ̀rù fi ba ọmọ náà?
3. Kí ló mú kí Ìyá àgbà fẹ́ kọ́ ọ ní irun dídì?

IṢẸ́ ṢÍṢE
Béèrè orúkọ irun mẹ́ta lọ́wọ́ ìyá rẹ. Yà wọ́n sínú ìwé rẹ.