Kí Ló Sọ Ọ́ìlì Ọkọ̀ Di Dúdú?

Ọmọ kan tí mo kọ́ ní sáyẹ́ǹsì lọ́jọ́ tó ti pẹ́ ti di awakọ̀ báyìí. Ọkọ̀ akẹ́rù tòkunbọ̀ ló rà, òun ló fi ń kó iṣu láti Ìkọ́lé, gba Ọyẹ́ àti Ìfàkì, lọ sí Ìdó. Lọ́jọ́ ọjà kan, ó rí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó ní kí n dúró. Ó fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ, ó nù ún mọ́ àkísà funfun kan, ó sì na àkísà náà sí mi.

"Tíṣà, ẹ dákun, ẹ bá mi wò ó. Ọjọ́ kẹta tí mo pààrọ̀ ọ́ìlì rèé, ó ti dúdú bíi kóró iṣin. Àbí ayédèrú ni wọ́n tà fún mi?"

Mo fi ìka méjì pa ọ́ìlì náà. Ó ń yọ̀ geere, yanrìn kankan kò kàn mí lọ́wọ́. Mo ní, "Ọmọ mi, fọkàn balẹ̀. Bí o bá fọ aṣọ oko tán, tí omi inú abọ́ ṣì mọ́ rekete, kí lo fọ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kì í ṣe ìmọ̀. Ẹ jẹ́ kí n là á lẹ́sẹẹsẹ, torí ìbéèrè rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ẹni tó ń fi ọkọ̀ àlòkù wá oúnjẹ òòjọ́.

Níbo ni ìdọ̀tí ti ń wá?

Ẹ rántí Màsẹ́dísì 911, ọkọ̀ tó kó pákó, iṣu àti kòkó lórí òkè àti pẹ̀tẹ́lẹ̀ wa fún ọ̀pọ̀ ọdún. Sílíńdà mẹ́fà ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní, písítìnì kan sì ń lọ sókè sódò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí kíránkì bá ń yí nígbà 2,000 ní ìṣẹ́jú kan, iná yóò sọ nígbà 1,000 nínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan láàárín ìṣẹ́jú náà. Ooru iná yẹn lè kọjá 2,000°C, bẹ́ẹ̀ nǹkan bíi 1,540°C ni irin fúnra rẹ̀ ti ń yọ́. Ohun tó ń gba písítìnì là ni pé iná náà kì í pẹ́ kó tó kú, omi rẹdiétọ̀ àti ọ́ìlì sì ń gbé ooru rẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá ti fi igi tútù dáná mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ìdí ìkòkò. Iná tí kò rí atẹ́gùn tó kì í jó tán, dúdú ló ń fi sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni dísẹ́ẹ̀lì. Kábọ̀n àti háídírójìn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kábọ̀n tí kò jó tán á di dúdú tó kúnná ju àtíkè lọ. Háídírójìn á pàdé ọ́síjìn inú atẹ́gùn, á sì di omi. Lítà dísẹ́ẹ̀lì kan tó bá jó, nǹkan bíi lítà omi kan ló ń bí! Omi tó di atẹ́gùn gbígbóná ni, ẹnu sàlẹ́ńsà sì ni èyí tó pọ̀ jù ń bá jáde, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí i tó ń kán tó-tó láàárọ̀ ọyẹ́. Ẹ̀kẹta ni imí-ọjọ́ tó wà nínú dísẹ́ẹ̀lì. Òun náà ń jó, ó sì ń bá omi yẹn di ásíìdì tó ń jẹ irin.

Ríǹgì ló di àyíká písítìnì, ṣùgbọ́n kò sí ríǹgì tó dí pa. Díẹ̀ nínú dúdú, omi àti ásíìdì yìí á yọ́ kọjá lọ sínú ọ́ìlì nísàlẹ̀. Nínú ẹ́ńjìnnì àlòkù, tí ríǹgì rẹ̀ ti jẹ, wọ́n ń kọjá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Fílítà ńkọ́?

Èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bi mí. Fílítà ọ́ìlì ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀: ó ń mú yanrìn, ó sì ń mú ìpẹ́pẹ́ irin. Ṣùgbọ́n ẹyọ dúdú kan kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìnípọn irun orí. Fífi fílítà mú un dà bí ẹni tó ń fi asẹ́ sẹ́ èéfín. Ó ń wọlé, ó ń jáde ni. Bí nǹkan mìíràn kò bá bá a wí, àwọn ẹyọ náà á so mọ́ra, wọn á di ẹrẹ̀ dúdú, wọn á lẹ̀ mọ́ ihò tí ríǹgì jókòó sí, wọn á sì dí ojú ọ̀nà ọ́ìlì.

Ọṣẹ tó wà nínú ọ́ìlì

Nílẹ̀ kòkó tiwa yìí, ta ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń se ọṣẹ dúdú? Wọ́n á sun èèpo kòkó di eérú, wọ́n á sẹ́ omi eérú náà, wọ́n á sì bá àdín sè é. Ohun tó bá jáde ní ojú méjì: ojú kan fẹ́ràn omi, ojú kejì fẹ́ràn ọ̀rá. Èyí tó fẹ́ràn ọ̀rá á di ìdọ̀tí mú, èyí tó fẹ́ràn omi á fà á lọ.

Ọ́ìlì tó dáa ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú, àmọ́ ọ́ìlì ló wà ní ipò omi. Èròjà kan wà tó ní orí àti ìrù gígùn. Orí á dì mọ́ ẹyọ dúdú, ìrù á nà sínú ọ́ìlì. Bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn bá yí ẹyọ kan ká, kò ní lè fara kan ẹnìkejì rẹ̀ mọ́, wọn kò sì ní lè para pọ̀ di ẹrẹ̀. Wọ́n á máa léfòó kiri títí tí ẹ ó fi tú ọ́ìlì náà dànù. Ìdí nìyí tí ọ́ìlì fi ń dúdú kíákíá nínú ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì. Dúdú orí àkísà ọmọ mi yẹn, ara písítìnì ni ì bá wà.

Èròjà kejì ń ṣe iṣẹ́ eérú gan-an. Ohun kíkan ni ásíìdì, eérú sì ń pa kíkan. Wọ́n po èròjà kálísíọ̀mù tàbí magnesium mọ́ ọ́ìlì kó máa pa ásíìdì imí-ọjọ́ kó tó jẹ bẹ́ríǹ. Bí wọ́n bá sun irú ọ́ìlì bẹ́ẹ̀ ní láàbù, eérú ló ń ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ abọ́.

Ìmọ̀ yìí kò tíì tó ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní àárín àwọn ọdún 1930, ríǹgì ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì katakata Caterpillar ní Amẹ́ríkà ń lẹ̀ pa nítorí ìdọ̀tí. Ilé iṣẹ́ náà àti Standard Oil of California jọ wá ojútùú, wọ́n sì gbé ọ́ìlì kan jáde tó ní èròjà afọ̀dọ̀tí nínú, tí wọ́n pè ní Delo. Lónìí, èròjà bẹ́ẹ̀ lè tó ìdá kan nínú márùn-ún ọ́ìlì tí a rà fún ọkọ̀ akẹ́rù.

Nígbà tí ọṣẹ bá tán

Ọṣẹ kì í ṣe ohun tí kì í tán. Nígbà tí ẹyọ dúdú bá pọ̀ ju èròjà tó kù lọ, ẹrẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wíwò lójú kò lè fi èyí hàn yín, torí ọ́ìlì tó ṣì dáa dúdú, èyí tó ti bàjẹ́ náà dúdú. Ìdánwò kan wà tí ẹ lè ṣe. Ẹ wá bébà fílítà irú èyí tí à ń lò ní láàbù kẹ́mísírì. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, ẹ pa á, kí ẹ kán ẹ̀kán ọ́ìlì kan sórí bébà náà, kí ẹ sì gbé e sílẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Bí dúdú bá tàn káàkiri láìdúró sójú kan, ọṣẹ ṣì wà. Bí dúdú bá jókòó sáàárín gangan, tí etí rẹ̀ mú, tí ọ́ìlì fífẹ́lẹ́ nìkan sì tàn kọjá rẹ̀, ọṣẹ ti tán.

Ẹ má fi ìkánjú fọ ẹ́ńjìnnì àgbà

"Tíṣà, mẹ́káníìkì ní ká da kẹrosíìnì sí i, ká fi fọ inú rẹ̀." Mo ní kó má tíì ṣe é. A kò mọ bí ẹni tó lo ọkọ̀ tòkunbọ̀ ṣáájú wa ṣe tọ́jú rẹ̀. Bí ẹrẹ̀ ọdún mẹ́wàá bá wà nínú rẹ̀, tí ohun líle sì ṣí i lẹ́ẹ̀kan náà, òkìtì rẹ̀ á bọ́ sílẹ̀, á dí asẹ́ tó wà lẹ́nu pọ́ńpù ọ́ìlì. Ẹ́ńjìnnì tí kò rí ọ́ìlì mu kì í pẹ́ kó tó gan. Kẹrosíìnì sì tún ń mú ọ́ìlì fẹ́lẹ́, títí irin á fi máa fi ara gbo irin. Ẹ̀sọ̀ ló dára: ẹ ra ọ́ìlì gidi, ẹ tú u dànù ní ìdajì àkókò rẹ̀, ẹ pààrọ̀ fílítà pẹ̀lú, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà méjì tàbí mẹ́ta. Ẹrẹ̀ á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí a rẹ aṣọ tó gan sínú omi ọṣẹ.

Ìgò kéékèèké tí wọ́n ní ká dà mọ́ ọ́ìlì ńkọ́? Àwọn tó po ọ́ìlì ti wọn èròjà rẹ̀ mọ́ra bí ẹni wọn iyọ̀ sọ́bẹ̀. Ẹni tó bá tún bu iyọ̀ sí i lè ba ọbẹ̀ jẹ́. Òmíràn kàn ń mú ọ́ìlì ki kí èéfín lè dín kù. Ríǹgì tó ti jẹ kò tíì sàn.

Dípò èyí, ẹ ka ara ike ọ́ìlì. Lẹ́tà C tó ṣáájú, bíi CI-4, ń sọ pé fún dísẹ́ẹ̀lì ni, S sì jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù. Nínú 15W-40, 40 ni bó ṣe ki tó nígbà tó bá gbóná dé 100°C. W dúró fún ìgbà òtútù ilẹ̀ òyìnbó, èyí tí kò kan ọ̀nà Ìkọ́lé.

Ẹ sì má gbẹ́kẹ̀ lé kìlómítà nìkan. Ọkọ̀ tó dúró tí wọ́n ń kó iṣu sí, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò kú, ń jó dísẹ́ẹ̀lì, ó ń da dúdú sínú ọ́ìlì, àmọ́ kìlómítà rẹ̀ kò sún. Bí ìwé ọkọ̀ bá ní wákàtí 250, tí ẹ́ńjìnnì sì ń ṣiṣẹ́ wákàtí 8 lóòjọ́, oṣù kan ti pé nìyẹn. Lásìkò ọyẹ́, ẹ máa yẹ fílítà atẹ́gùn wò léraléra, nítorí kò sí ọṣẹ tó lè pa eruku lára. Híha ló ń ha irin.

Ọ́ìlì tí ẹ bá tú, èyí tí wọ́n ń pè ní kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù, ẹ má dà á sílẹ̀, ẹ má sì dà á sódò tí ẹlòmíràn ń pọn mu. Ó ní èròjà tó lè fa jẹjẹrẹ nínú. Kí ẹni tó ń fi kun pákó nítorí ikán má jẹ́ kó kan ara òun.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo mú bébà fílítà kan láti láàbù lọ bá ọmọ mi. Ó kán ẹ̀kán kan sí i, a gbé e sílẹ̀ sínú ọkọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó pè mí: dúdú náà ti tàn dé etí bébà. Ó ní òun ti fi bírò kọ déètì sábẹ́ rẹ̀, òun sì ti fi àyè sílẹ̀ fún ẹ̀kán tó kàn.