Ìmúra fún Ìrìnàjò Lọ Wo Ìnàkí

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹni tí ó bá ń gbèrò láti ti Igbó-Ọrà lọ wo ìnàkí ńlá tí í jẹ́ gọ̀rílà, kí ó mọ̀ pé kì í ṣe edun tí a fi ń ki àwọn ìbejì wa ni mo ń wí. Ìpínlẹ̀ Cross River ni wọ́n ń gbé, ní òkè Afi, òkè Mbe àti igbó Okwangwo. Pẹ̀lú ti Kamẹrúùnù, gbogbo wọn kò ju bí 300 lọ. Ọdẹ ti pa púpọ̀ nínú wọn, nítorí náà wọn a máa sá fún ènìyàn. Ní 2020, ẹ̀rọ ayàwòrán tí a dè mọ́ igi ni ó rí wọn tòun ti ọmọ wọn ní Mbe. Ìtẹ́ tí wọ́n fi ewé àti ẹ̀ka tẹ́ sùn ni àlejò sábà máa ń bá. Lójú tèmi, èyí nì kò kéré. Ẹni tí ó bá ní dandan ni òun yóò fojú kàn wọ́n, kí ó lọ sí Rùwáńdà tàbí Ùgáńdà, níbi tí ènìyàn ti mọ́ wọn lára. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ikọ́ ń ṣe dúró sílé: àrùn wa a máa ràn wọ́n, a sì máa pa wọ́n.