Omi Gbígbóná Nígbà Ọyẹ́: Bí A Ṣe Lè Fi Iná Mànàmáná Se Omi Ìwẹ̀ Láìfi Ẹ̀mí Wewu



Ọyẹ́ ti tún dé. Láti Igbó-Ọrà dé Èrúwà, láti Lánlátẹ̀ dé Ìgàngán, ẹni tó bá jí kí irun Àsúbà tó wọlé ti mọ̀ pé omi tó sun inú ìkòkò kì í ṣe ohun tí à ń sáré bù sára. Owó èédú àti igi ìdáná kò sì rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, nítorí náà ilé tó pọ̀ ló ti ra irin tí à ń kì bọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì, èyí tí gbogbo wa ń pè ní boiling ring. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé ń gbé hítà kọ́ ara ògiri ilé ìwẹ̀. Nǹkan méjèèjì yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí ohun tí ojú èmi fúnra mi rí.

Ní ọyẹ́ ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo kì irin náà bọ omi, iná lọ. Mo dúró díẹ̀, mo rò pé omi á ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo sì na ọwọ́ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì láti fi wò ó. N kò yọ pílọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri. Bí ìka mi ṣe ń kan omi ni mo gbọ́ tí àwọn ọmọ pariwo níta pé, "Iná ti dé o!" Ohun tí mo tún mọ̀ kò ju pé ọwọ́ mi gan, mo sì bá ara mi nílẹ̀. Ọlọ́hun ló yọ mí, nítorí ẹ̀yìn ni mo ṣubú sí, ọwọ́ mi sì jáde kúrò nínú omi. Ká ní mo di irin náà mú ni, ẹlòmíràn ni ì bá máa kọ ojú ìwé yìí.

Ẹ jẹ́ kí á mọ bí irin náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Nínú ọ̀pá tó lọ́ bí ejò yẹn, wáyà tín-ín-rín kan wà tó máa ń pọ́n bí ẹyin iná. Ìyẹ̀fun funfun kan ló yí wáyà náà ká, òun ni kò jẹ́ kí iná kan ọ̀pá ìta, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí ooru kọjá. Bí ọ̀pá bá sán, ìbáà jẹ́ sísán tí ojú kò rí, omi á wọ inú ìyẹ̀fun, iná á sì bọ́ sínú omi. Omi kànga àti omi bóòhóòlù wa ní iyọ̀ ilẹ̀ nínú, iyọ̀ yìí ló ń jẹ́ kí omi gbé iná kiri. Àwọn kan ń sọ pé bọ́kẹ́ẹ̀tì oníke kò léwu, torí ike kì í gbé iná. Òótọ́ ni pé ike kì í gbé iná, ṣùgbọ́n ṣe ni iná dúró sínú omi rẹ̀, tó ń retí ẹni tí yóò kì ọwọ́ bọ̀ ọ́. Garawa onírin tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni tó kan ara garawa lásán ti kan iná.

Ẹlòmíràn á ní ilé òun ní fíúùsì, ilé òun ní bíréékà. Iná ilé wa jẹ́ 230 volt. Boiling ring tó jẹ́ 1500 watt ń fa bí 6.5 ampere, bíréékà ilé kò sì ní já títí tí iná fi máa ju iye tí wọ́n kọ sí i lára lọ, bíi 16 tàbí 20 ampere. Bẹ́ẹ̀ sì ni, iná tó tó 1/10 ampere péré, bí ó bá gba àyà ènìyàn kọjá, lè da lílù ọkàn rú. Wáyà ni bíréékà bẹ́ẹ̀ ń dáàbò bò, kì í ṣe ènìyàn. Oríṣi kan wà tó ń dáàbò bo ènìyàn: wọ́n ń pè é ní RCD, ti 30 milliampere ni kí ẹ béèrè. Bí iná bá ti ń gba ibòmíràn jáde ló máa ń já wéré, kí ara tó gbé e pẹ́. Bí agbára yín bá ká nǹkan kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tí mo kọ yìí, èyí ni kí ẹ rà. Ó ní bọ́tìnì kékeré kan tí wọ́n kọ T sí: ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lóṣooṣù. Bí kò bá já nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́, ó ti kú nìyẹn.

Bí a ṣe ń lo irin náà kò le, sùúrù ló fẹ́. Omi ló ń kọ́kọ́ wọ bọ́kẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn náà irin, kí omi bo ibi tó lọ́ pátá ṣùgbọ́n kí ó má kan ọwọ́ rẹ̀ lókè. Ìgbà yẹn ni a tó máa ki pílọ́ọ̀gì, pẹ̀lú ọwọ́ gbígbẹ àti bàtà lẹ́sẹ̀. Bí omi bá gbóná, ẹ pa súìṣì, ẹ yọ pílọ́ọ̀gì, ẹ dúró díẹ̀, ẹ gbé irin jáde, kí ọwọ́ tó kan omi. Ẹ má fi pípa súìṣì nìkan ṣe é, nítorí àwọn ilé kan wà tí oníṣẹ́ iná ti so wáyà súìṣì lódì, tí iná ṣì wà nínú irin bí súìṣì tilẹ̀ ti wà ní pípa. Bí iná bá sì lọ, ẹ yọ pílọ́ọ̀gì lójú ẹsẹ̀. Ibi tí ilẹ̀ ti gbẹ ni kí ẹ ti se omi, kì í ṣe ilé ìwẹ̀, kì í sì í ṣe ibi tí ọmọ tó ń rá ti lè dé. Irin tó ti dúdú, tó ti wú, tàbí tí wáyà rẹ̀ ti bó, kò ní àtúnṣe. Ẹ gé wáyà rẹ̀ kí ẹ tó jù ú nù, kí ọmọ ẹlòmíràn má baà hú u lò.

Garawa omi 20 lítà tó tutù ní ìwọ̀n 22, kí ó tó dé 42 tó tó wẹ̀, yóò gba irin 1500 watt ní nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, irin 1000 watt ní nǹkan bí 30. Nítorí náà kò sí ìdí tí ènìyàn fi máa kì í bọ omi kí ó tún padà sùn. Bí omi bá gbẹ tán, irin á pọ́n, ike á yọ́, ilé á gbiná. Ilé kan jó mọ́ àwọn ará rẹ̀ lórí lóru ní Mẹ̀dínà láyé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), ó sì pàṣẹ pé kí á máa pa iná kí á tó sùn. Àtùpà ni tiwọn nígbà náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ wa. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó wà nínú ọ̀pọ̀ ilé kò sì lè gbé irin yìí. Ẹ má dán an wò.

Ní ti hítà ara ògiri, ẹ má gbà kí oníṣẹ́ kankan fà á láti ara sọ́kẹ́ẹ̀tì tí fíríìjì ń lò. Wáyà tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni kí ó ti inú àpótí bíréékà wá, 4 mm dára, kí súìṣì rẹ̀ wà níta ilé ìwẹ̀. Kí wáyà ilẹ̀ wà, kí ó sì dé ara ọ̀pá bàbà tí wọ́n gbá mọ́lẹ̀ ní tòótọ́. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí mo ti rí ilé tí wáyà ilẹ̀ ti parí sẹ́yìn ògiri, tí kò dé ibì kankan. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ tó gbẹ kì í gba iná dáadáa, nítorí náà ẹ máa da omi sídìí ọ̀pá náà. Kí táǹkì kún kí ẹ tó tan hítà: ẹ ṣí ẹnu ẹ̀rọ omi gbígbóná títí omi yóò fi máa dà láìsí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀. Ẹnu kékeré kan wà nídìí hítà tí omi máa ń kán níbẹ̀ nígbà tí ó bá ń gbóná. Kì í ṣe pé ó ń jò. Ibẹ̀ ni agbára omi gbígbóná ń gbà jáde, ẹni tó bá fi igi dí i ti sọ hítà rẹ̀ di bọ́ǹbù. Ìwọ̀n 60 ni kí ẹ yí i sí. Bí ó bá lọ sílẹ̀ púpọ̀, kòkòrò àìsàn lè máa gbé inú táǹkì. Lọ́dọọdún, kí oníṣẹ́ tú u, kí ó ha èérí funfun inú rẹ̀, kí ó sì wo ọ̀pá tí ìpẹtà ń jẹ dípò táǹkì, kí ó pààrọ̀ rẹ̀ bí ó bá ti tán. Kí wọ́n pa iná láti orísun kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án.

Omi ìwọ̀n 60 yìí kì í ṣe omi à ń wẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún ló ń bó awọ àgbà, ti ọmọ ọwọ́ kò tó bẹ́ẹ̀. Igbó-Ọrà ni gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ìbejì, ìyá tó ń wẹ Táyé tí Kẹ́yìndé ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kò ní ọwọ́ kẹta. Omi tútù ni kí ó kọ́kọ́ wọ agbada, kí omi gbígbóná tẹ̀lé e, kí ìyá fi ìgbọ̀nwọ́ wò ó kí ọmọ tó kàn án. Bí omi bá jó ọmọ, ẹ da omi tútù sí ojú rẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú, ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Epo pupa, ọṣẹ ìfọyín àti ẹyin kò sí níbẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá àgbà kò ní fẹ́ gbọ́ èyí, ṣùgbọ́n àwa ará Ìbàràpá ti gba ẹ̀kọ́ tó le ju èyí lọ. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn wá sọ́dọ̀ wa, ẹ sì bi àwọn àgbà Ìdèrè bí aṣọ asẹ́mi ṣe bá sòbìyà jà.

Bí iná bá gbé ènìyàn, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ sáré pa iná láti orísun. Bí ẹ kò bá rí i pa, ẹ dúró lórí ohun gbígbẹ, kí ẹ fi igi gbígbẹ tì í kúrò. Bí kò bá mí, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà rẹ̀ léraléra, bí ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹlòmíràn máa wá ọkọ̀. Ẹni tó bá sì dìde fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn, nítorí ọkàn lè daṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Èmi kò lọ lọ́jọ́ tèmi, àṣìṣe ni.

Àwọn kan á bi mí pé, bí iná kò bá wá, tí ìwẹ̀ jánábà sì di ọ̀ranyàn ńkọ́? Amr ọmọ al-Aas wà lójú ogun Dhaat as-Salaasil ní ọdún 8 lẹ́yìn Híjírà, òru tutù gan-an, jánábà sì bá a. Ó bẹ̀rù pé omi yóò pa òun, ó ṣe tayamọ́mù, ó sì kírun fún àwọn èèyàn rẹ̀. Nígbà tí Ànábì bi í, ó fi àáyá inú Súúrà an-Nisaa tó kọ̀ fún wa láti pa ara wa ṣe ẹ̀rí. Ànábì rẹ́rìn-ín, kò sì bá a wí. Ẹni tí ẹ̀rù àìsàn bà ní tòótọ́, tí kò sì rí ọ̀nà tí yóò fi se omi, kí ó bi àlùfáà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní fláàsìkì kì í sábà dé ibẹ̀. Ẹ se omi lálẹ́ nígbà tí iná bá wà, ẹ rọ lítà mẹ́ta sínú fláàsìkì tó dára, kí ẹ dé e pa. Ní Àsúbà, bí ó bá ṣì gbóná tó ìwọ̀n 80, ẹ dà á sórí lítà méje omi tútù. Yóò di ìwọ̀n 39 tàbí 40, ó tó ènìyàn kan wẹ̀, ó sì tó o ṣe àlùwàlá.