Ta Ló Yẹ Ófúnù Yín Wò? Ẹ̀kọ́ Lórí Iṣẹ́ SON àti NiNAS



Omi inú gàrí ni iṣẹ́ àṣekágbá mi dá lé. Mo ra gàrí lọ́jà, mo wọ̀n ọ́n, mo gbé e sínú ófúnù láàbù ní 105°C, mo sì tún un wọ̀n nígbà tó gbẹ. Èsì jẹ́ 10.8%. Inú mi dùn, torí ìlànà Codex, tí gbogbo ayé ń lò fún oúnjẹ, ní omi inú gàrí kò gbọ́dọ̀ ju 12% lọ. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, gàrí kì í pẹ́ bu.

Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi wo èsì náà, wọ́n ní: "Ṣé o mọ ìgbà tí wọ́n yẹ ófúnù yẹn wò kẹ́yìn?" N kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ki tẹmómítà tó péye bọ̀ ọ́: 91°C péré! Omi ò tíì gbẹ tán nígbà tí mo wọ̀n ọ́n. Mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe nínú ófúnù mìíràn, èsì di 13.1%. Gàrí tí mo ti pè ní dáadáa kò kúnjú òṣùwọ̀n. Ká ní mò ń ṣe é fún oníṣòwò ni, ì bá ti dé ọwọ́ àwọn tó ń jẹ ẹ́.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n kọ́ nípa àjọ SON, tí òfin ọdún 1971 dá sílẹ̀, tó sì ń ṣiṣẹ́ báyìí lábẹ́ òfin ọdún 2015. Iṣẹ́ rẹ̀ pín sí mẹ́rin:

1. Ìlànà: àjọ yìí ló ń gbé ìlànà ọjà kalẹ̀, èyí tí à ń pè ní NIS.

2. Ọjà: MANCAP wà fún ohun tí a ń ṣe ní Nàìjíríà. SONCAP wà fún ọjà tó ń ti òkè òkun bọ̀, kí wọ́n tó kó o wá. Oúnjẹ àti oògùn kò sí lábẹ́ SONCAP. NAFDAC ló ń mójú tó wọn.

3. Irinṣẹ́: ní Enugu, ilé iṣẹ́ òṣùwọ̀n rẹ̀ ń fi irinṣẹ́ wé èyí tó péye jù ú lọ, wọ́n á sì kọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn sílẹ̀. Ohun tí ófúnù mi kò rí gbà nìyẹn.

4. Ilé iṣẹ́: ó ń yẹ ètò wọn wò ní ìlànà ISO 9001, ó sì ń dá òṣìṣẹ́ lẹ́kọ̀ọ́.

Ta ló wá ń yẹ láàbù fúnra rẹ̀ wò? NiNAS ni, tó jáde láti inú ètò kan tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù náwó sí, tí UNIDO sì bójú tó. NiNAS kì í fún ọjà níwèé ẹ̀rí. Ìlànà ISO/IEC 17025 ló fi ń yẹ láàbù wò: ṣé àwọn òṣìṣẹ́ mọṣẹ́, ṣé irinṣẹ́ wọn péye? Ẹ kíyè sí i pé àyẹ̀wò tí wọ́n bá kọ sínú ìwé ìpegedé nìkan ni ìwé náà wà fún. Láàbù tó pegedé fún omi mímu lè má pegedé fún gàrí.

Nítorí náà, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àṣekágbá, ẹ béèrè ìwé àyẹ̀wò irinṣẹ́, ẹ wo ọjọ́ tó wà lára rẹ̀. Bí ẹ bá ń gbé nǹkan lọ sí láàbù ìta, ẹ béèrè àyẹ̀wò tí wọ́n pegedé fún. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.