Ẹni Tó Da Eérú

Àwọn àgbà ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ìwà, ó máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá kan eérú wáyà, ti bátìrì àti ti kọ̀ǹpútà tó ti kú, ó yẹ ká tún òwe náà gbé yẹ̀ wò. Ẹni tó ra tẹlifíṣọ̀n, tó wò ó títí tó fi bàjẹ́, tó wá tà á ní owó pọ́ọ́kú fún ọlọ́mọlanke tó ń pariwo kọ́ńdẹ̀mù kiri, kò ní fojú kan eérú rẹ̀ láéláé. Ọmọ ẹlòmíràn tó ń gbé lẹ́bàá àkìtàn ni eérú náà ń tọ̀. Níbi tí atẹ́gùn kò bá ti dá eérú padà sọ́dọ̀ ẹni tó dà á, àwa la gbọ́dọ̀ fi òfin, owó àti àṣà ilé dá a padà.

Ká kọ́kọ́ mọ ibi tí ewu náà wà, nítorí ọ̀pọ̀ ló ń ṣì í mọ̀. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ẹlẹ́yìn gbọ̀ǹgbọ̀ tó jókòó sí yàrá kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjé tó wà nínú dígí rẹ̀ lè wọn kílò kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà tí wọ́n bá fi òòlù fọ́ ọ ni ọ̀ràn dé. Wáyà náà kò ní ẹjọ́, àfi ìgbà tí iná bá kàn án. Ẹni tó fẹ́ yọ bàbà inú wáyà á kó o jọ, á fi táyà tàbí fóòmù inú fíríìjì tanná sí i. Rọ́bà á yọ́, èéfín dúdú á bo gbogbo ibẹ̀. Wọ́n á bu omi sí i, wọ́n á gbọn eérú dànù, wọ́n á sì ṣa bàbà sínú àpò. Kò pẹ́ rárá. Nínú èéfín yẹn ni májèlé tí wọ́n ń pè ní dioxin wà, òjé sì wà nínú eérú tó ṣẹ́ kù. Lẹ́yìn náà ni adìẹ á wá máa tan ilẹ̀ níbẹ̀. Ní 2019, wọ́n yẹ ẹyin adìẹ tó ń jẹ̀ ní Agbogbloshie wò, ní ìlú Accra ní Gánà, níbi tí wọ́n ti ń sun irú ẹrù bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó bá jẹ ẹyin kan ṣoṣo níbẹ̀ ti jẹ dioxin ní ìlọ́po 220 ìwọ̀n tí àjọ tó ń rí sí oúnjẹ ní Yúróòpù fàyè gbà fún òòjọ́. Ìjọba wó ibẹ̀ ní 2021. Iṣẹ́ náà kò parẹ́, ó kàn ṣí lọ sí àdúgbò tó múlé gbè é ni.

Òjé ní tirẹ̀ kì í pariwo. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n rẹ̀ kankan tí a mọ̀ pé kò léwu, àti pé èyí tó bá gba ẹnu wọ inú ọmọdé lè wọ ara rẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún ti àgbàlagbà. Ọpọlọ ló ń bá jà. Ọmọ náà kì í dùbúlẹ̀ àìsàn kí wọ́n lè sáré gbé e lọ sí ọsibítù. Ìwé ni kò ní wọ̀ ọ́ lórí mọ́, olùkọ́ á ní olódo ni, ìyá rẹ̀ á máa ronú pé ayé ló ń ṣe é. Òjé tún máa ń fara pamọ́ sínú egungun obìnrin, tó bá wá lóyún, á jáde sínú ẹ̀jẹ̀, á sì dé ara ọlẹ̀. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nìkan. Ní Ògijó, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ ti ń yọ́ òjé inú bátìrì àlòkù, ìròyìn tó jáde ní 2025 fi hàn pé òjé wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn ará àdúgbò.

Àwọn kan á ní ṣebí òyìnbó ló ń kó ìdọ̀tí wọn wá bá wa. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ní 1988, àṣírí tú pé àwọn oníṣòwò láti Ítálì ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá májèlé wá sí ìlú Koko, tó wà ní ìpínlẹ̀ Delta lónìí. Ìjọba fi ìbínú ṣòfin lọ́dún náà gan-an. Àmọ́ ẹrù tòde òní kì í fi òru bojú. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní èbúté Èkó ní 2015 àti 2016 rí i pé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ohun èlò abánáṣiṣẹ́ àlòkù ló ń gba ibẹ̀ wọlé lọ́dún. Inú ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni wọ́n rọ ìdá 69 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sí, ó kéré tán ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún kò sì ṣiṣẹ́ rárá. Owó wa la fi rà á. Òfin tí NESREA, àjọ ìjọba tó ń rí sí òfin àyíká, ń bójú tó láti 2011 kò fàyè gba òkú ẹrù bẹ́ẹ̀, àdéhùn Basel, tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ ṣe lórí gbígbé pàǹtí eléwu kọjá ààlà, sì ti fi dandan lé e láti oṣù kìíní 2025 pé kò sí orílẹ̀-èdè tó wà nínú rẹ̀ tó gbọ́dọ̀ fi irú pàǹtí yìí ránṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹni tó máa gbà á ti fọwọ́ sí i. Tí ilẹ̀kùn bá ṣì ṣí, ọwọ́ ará ilé wà níbẹ̀.

Àtakò kejì ló wúwo jù: pé oúnjẹ àwọn kan ló wà nínú iṣẹ́ yìí, ebi kì í sì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Mo fara mọ́ ọn. Àwọn ọ̀gá tó ń tún nǹkan ṣe ní ọjà Alaba àti ní Computer Village ní Ìkejà, l'Ékòó, ń ṣe ju ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá lọ láti dín pàǹtí kù; fóònù tí wọ́n tún ṣe kò tíì di eérú. Ọlọ́mọlanke náà ń gbá ilé mọ́ fún wa. Ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ yìí kò sí nínú iná. Bàbà tí wọ́n fi ọ̀bẹ bó rọ́bà ara rẹ̀ kúrò níye lórí ju èyí tí iná ti sọ di dúdú lọ. Kánjúkánjú ló ń mú wọn sun ún, àti pé kò sẹ́ni tó ń sanwó fún apá tí kò ní bàbà nínú. Ibẹ̀ ló yẹ kí àwọn tó ń ṣe ẹrù náà àti àwọn tó ń kó o wọlé ti san tiwọn, bí òfin 2011 ṣe wí. Nítorí ẹ̀ ni wọ́n ṣe dá EPRON, àjọ àwọn tó ń ṣe ẹrù náà, sílẹ̀ ní 2018, kí owó lè ti ọwọ́ àwọn wọ̀nyí dé ọwọ́ ẹni tó ń kó pàǹtí jọ. Lágbàáyé pàápàá, nínú mílíọ̀nù 62 tọ́ọ̀nù ohun èlò abánáṣiṣẹ́ tó di pàǹtí ní 2022, ìdá 22 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni àkọsílẹ̀ wà pé wọ́n tún lò lọ́nà tó yẹ. Ẹ má wá dúró de ìjọba.

Ibi ìrajà ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o: fíríìjì tòkunbọ̀ tí ẹ kò rí kó tutù lójú yín, pàǹtí lẹ fowó rà. Bí ohun èlò bá bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, ẹ tà á lódindi. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tú u sí ojúlé yín, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n da omi bátìrì ínfátà sí gọ́tà kó lè fúyẹ́. Bátìrì fóònù tó bá ti wú, ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó lè gbaná, ẹ má gún un. Ohun tí ilé kan ní kò tó gbé mọ́tò ilé-iṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ láti kó irú pàǹtí yìí wá, ṣùgbọ́n tí ẹgbẹ́ onílé bá ya igun kan sọ́tọ̀, tí wọ́n fi òrùlé bò ó, tí wọ́n sì tì í mọ́ àwọn ọmọdé, láàárín oṣù mélòó kan ẹrù á pọ̀ tó láti pè wọ́n. Ẹni tí ọkọ tàbí ọmọ rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ jẹ́ kó bọ́ aṣọ iṣẹ́ àti bàtà síta, kó fọwọ́ kó sì wẹ̀ kó tó gbé ọmọ, kí ẹ sì fọ aṣọ náà lọ́tọ̀, nítorí òjé máa ń bá aṣọ wọlé. Ẹ fún àwọn ọmọ ní ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ẹja tútù tí a lè jẹ tòun ti egungun; ọmọ tí ara rẹ̀ kò ní èròjà irin tó ni òjé tètè ń ráyè wọ̀. Bí adìẹ yín bá ń jẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń sun wáyà, ẹ kó wọn kúrò níbẹ̀, ẹ má sì jẹ ẹyin wọn.