Àtọ̀sí Ajá: Kí Ló Dé Tí Àìsàn Abúlé Kò Fi Jọ ti Ìgboro?

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí n kọ nǹkan tó bá ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì mu ní èdè wa, mo sì mú ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní yàrá wa: pé ará oko ló máa ń ṣàìsàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ará ìgboro ń ṣàìsàn, ará abúlé náà ń ṣàìsàn. Àìsàn wọn ni kò jọra, torí pé omi tí wọ́n ń lò, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe àti oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ kò jọra.

Ní ìgboro, ohun tí ẹ máa gbọ́ ni ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà àti rọpárọsẹ̀. Ẹni tó jókòó sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ láàárọ̀, tó jókòó ní ọ́fíìsì títí di ìrọ̀lẹ́, ìgbà wo ló fẹ́ lo ara? Ẹ fi èéfín jẹnẹrétọ̀ kún un. Omi ìgboro náà kì í sì í mọ́ nígbà gbogbo o: níbi tí èrò pọ̀ sí, tí páìpù omi gba inú gọ́tà kọjá, onígbáméjì kì í jìnnà. Ibà wà níbi gbogbo, àmọ́ ìwádìí ìjọba fi hàn pé ó ń mú àwọn ọmọdé abúlé ju ti ìgboro lọ.

N kò fẹ́ pẹ́ lórí ìyẹn. Àrùn inú omi ni mo fẹ́ ká yẹ̀ wò dáadáa.

Ẹ bi àwọn àgbàlagbà ilé yín nípa sòbìà. Omi adágún tí wọ́n ń mu ló ń gbé e wọ ara, lẹ́yìn bí ọdún kan, aràn gígùn á máa yọ jáde lẹ́sẹ̀. Láàárín ọdún 1988 sí 1989, àwọn tí wọ́n kà pé ó mú ní Nàìjíríà lé ní 650,000. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un, kò sí oògùn tó ń pa á. Aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi, kànga tó dáa, àti kí ẹni tó ní in má wọ odò, ìwọ̀nyẹn ló lé e lọ. Ọ̀gágun Yakubu Gowon wà lára àwọn tó rin abúlé kiri nítorí rẹ̀. Ọdún 2008 la rí ẹni tó mú kẹ́yìn.

Àtọ̀sí ajá kò tíì lọ ní tiẹ̀. Nàìjíríà ni àwọn tó ní in pọ̀ sí jù lọ láyé. Àwọn ọ̀rẹ́ wa Hausa níbí ní Òkè Ọya ń pè é ní tsagiya. Ẹni tó ní in á tọ̀ sódò, ẹyin aràn á wà nínú ìtọ̀ náà. Ọmọ tó bá pa á wọ inú ìgbín kékeré tó ń gbé inú omi, á pọ̀ sí i níbẹ̀, á tún jáde láti wá ara èèyàn. Kò ní dúró kí ẹ mu òun. Awọ ara ló ń gbà wọlé. Apẹja, ọmọ tó ń lúwẹ̀ẹ́, ìyá tó ń fọṣọ, gbogbo wọn ló ń kó o.

Ẹ wo ìsédò Ọyán ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1983. Omi rẹ̀ ń ṣàn wọ odò Ògùn, ibẹ̀ sì ni Abẹ́òkúta àti Èkó ti ń fa omi tí wọ́n ń sẹ́, tí wọ́n ń fi kẹ́míkà sí, kó tó dé ẹnu ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n àwọn abúlé tó wà létí adágún náà gan-an, bí Abúlé Titun, inú omi yẹn ni wọ́n ti ń pẹja, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wẹ̀. Àwọn olùwádìí ti rí àtọ̀sí ajá níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, pàápàá lára àwọn ọmọ ilé-ìwé. Omi kan náà ló di omi ẹ̀rọ fún ará Èkó, tó di ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ fún ọmọ apẹja. Ẹni tó bá fẹ́ pe èyí ní ìwà ọ̀bùn ará oko, kó kọ́kọ́ béèrè ta ni wọ́n tìtorí rẹ̀ sé odò náà.

Orúkọ àrùn yìí ló ká mi lára jù, ẹgbẹ́ èdè ṣáà ni wá. Àtọ̀sí lásán, láìsí ajá, ni àrùn tí wọ́n ń kó nípa ìbálòpọ̀. Ẹ wá wo ọmọkùnrin ọdún mẹ́tàlá tó lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ ìyá àgbà, tó lúwẹ̀ẹ́ lódò. Kò ní rí ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó lè tó oṣù méjì sí mẹ́ta kó tó rí i, ìyẹn ni pé yàrá wa níbí ló máa bá a. Bó bá sọ ọ́, wọ́n á ní, "Háà, o ti kó àtọ̀sí!" Ó di ẹ̀sín nìyẹn. Ọmọbìnrin á rò pé nǹkan oṣù òun ni. Àwọn méjèèjì á dákẹ́. Láwọn abúlé kan, wọ́n tiẹ̀ gbà pé àmì pé ọmọkùnrin ń bàlágà ni. Ẹyin aràn náà kò dákẹ́ o: ó ń ba àpòòtọ̀ àti kíndìnrín jẹ́, bó bá sì pẹ́ lọ́dún gbọọrọ, ó lè di jẹjẹrẹ. Èmi fara mọ́ ọn ká máa pè é ní ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀. Ẹ jẹ́ ká jiyàn lé e ní ìpàdé.

Ẹni tó bá rí i, ẹ jọ̀ọ́, kó lọ bá nọ́ọ̀sì, kó sì sọ odò tó wọ̀ nígbà ìsinmi. Bí kò bá sọ ọ́, ta ló máa ro odò mọ́ ọn níbi tí a wà yìí? Wọ́n á yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò ní láàbù. Èyí tó tọ̀ láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí méjì ọ̀sán ló ń fi ẹyin náà hàn jù. Praziquantel ni oògùn rẹ̀. Bí wọ́n bá ń pín in ní ilé-ìwé, ọ̀pá ni wọ́n fi ń wọn bí ọmọ ṣe ga tó, kí wọ́n lè mọ iye tó máa lò, torí náà ẹ má sá fún ọ̀pá. Aràn tó ti dàgbà nínú ara ni oògùn yìí ń pa, kì í dènà òmíràn. Ẹni tó lò ó lóṣù karùn-ún, tó tún lọ lúwẹ̀ẹ́ nínú omi yẹn lóṣù kẹjọ, lè tún kó o.