Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: ÀTÚNṢE KỌ̀ǸPÚTÀ LÓRÍ ÍNTÁNẸ́Ẹ̀TÌ TÓ Ń FALẸ̀

Ọ̀pọ̀ wa ló ń pa àtúnṣe Windows tì nítorí pé dátà wọ́n, íntánẹ́ẹ̀tì sì ń falẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo ewu tó wà níbẹ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún 2017, Microsoft gbé àtúnṣe kan jáde láti dí ihò kan nínú Windows. Ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún, kòkòrò WannaCry gba ihò náà wọ inú kọ̀ǹpútà tí wọn kò tíì tún ṣe, ó ti àwọn fáìlì pa, ó sì ń béèrè owó. Ní ilé ìwòsàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní láti dá ọ̀pọ̀ aláìsàn padà sílé.

Kí ni kí a ṣe?

1. Ẹ ṣírò rẹ̀. Gígábáìtì 4 lórí íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́gábíìtì 1 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan yóò gba nǹkan bíi wákàtí 9. Òru ni kí ẹ fi sí, kí bátìrì sì ti kún.

2. Níbi tí kọ̀ǹpútà bá pọ̀, ẹ ṣí "Delivery Optimization" nínú Windows, kí èyí tó kọ́kọ́ gbà á lè máa pín in fún àwọn yòókù.

3. Ẹni tó ń ti Ìlá lọ sí Òṣogbo lè gbà á níbẹ̀ láti Microsoft Update Catalog, kí ó gbé e bọ̀ nínú fíláàṣì. Ẹ má gbà á níbòmíràn.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ẹ tètè dí ihò yín.